Bí A Ṣe To Máìkì Mẹ́jọ Sórí Ọ̀pá Kan Kí Ọ̀rọ̀ Lè Yọ Ketekete Nínú Ariwo

Àgbàlagbà kan jókòó sórí àga, ó ń sọ̀rọ̀. Fáànù ń yí lókè, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún lẹ́yìn ògiri. A fẹ́ gba ọ̀rọ̀ bàbá sílẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó máa kọ ọ́ sójú ìwé yóò fi mọ̀ bóyá ọkọ́ ni bàbá pè tàbí ọkọ̀. Máìkì kékeré tí wọ́n ń fi há ọrùn aṣọ máa ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Bí ẹ bá lè há a, ẹ há a. Àmọ́ agbádá máa ń ha máìkì bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà ni kì í sì í lè sọ̀rọ̀ bó ṣe wà lọ́kàn wọn tí nǹkan bá ti há wọn láyà. Ibẹ̀ ni ọ̀pá máìkì mẹ́jọ ti wúlò: a gbé e kalẹ̀ ní mítà kan sí bàbá, kò sì sí ohun tó kan ara rẹ̀.

Ohun tó ń ṣe é nìyí. Ẹni tó bá wà níwájú ọ̀pá gan-an, ohùn rẹ̀ á dé ara gbogbo máìkì ní àkókò kan náà. Ohùn tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá á kọ́kọ́ kan èyí tó sún mọ́ ọn, lẹ́yìn náà èkejì, títí dé ìkẹjọ. Bí a bá mọ àlàfo àkókò yìí, a lè dá àwọn tó yá dúró de àwọn tó pẹ́, ká wá ro gbogbo wọn pọ̀. Ohùn ibi tí a dojú kọ á bára mu, á lágbára sí i. Ti ibòmíràn kò ní bára mu, wọ́n á máa pa ara wọn. Èyí ni wọ́n ń pè ní beamforming. Fún máìkì mẹ́jọ, ariwo tí olúkúlùkù ń dá ní nínú ara rẹ̀, tí kò bá ti ẹlòmíràn mu, á lọ sílẹ̀ ní 9 dB (dB ni a fi ń wọn agbára ohùn) sí ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́. Kò sí ìṣirò kankan tó lè mú àǹfààní yẹn ga ju bẹ́ẹ̀ lọ fún irú ariwo yẹn. Fún ariwo tó ní ibi tó ti ń wá, èrè lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń dà rú.

Àlàfo àárín máìkì

A mú 4 cm láti ihò kan sí èkejì, nítorí náà láti àkọ́kọ́ dé ìkẹjọ jẹ́ 28 cm. Nínú yàrá tó gbóná tó 28°C, ohùn ń rin nǹkan bíi 348 m ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nọ́ńbà 343 tó kún inú ìwé jẹ́ ti 20°C. Ẹ má ṣe lò ó ní ọ̀sán Ìbàdàn. Ohùn tó bá wá láti ẹ̀gbẹ́ pátápátá á lo nǹkan bíi 805 µs láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì (µs kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá). Gbogbo iṣẹ́ ọ̀pá yìí, inú 805 µs yẹn ló wà.

Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, ọ̀pá á máa ṣi ọ̀nà mú: ohùn tó ga, tí ìgbì rẹ̀ kúrú, á ti ẹ̀gbẹ́ wá, á sì bára mu bí ẹni pé iwájú ló ti wá. Pẹ̀lú 4 cm, bí a bá ń gbọ́ iwájú nìkan, èyí ò ní ṣẹlẹ̀ títí di 8700 Hz (ìgbì 8700 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìyẹn sì ti kọjá ibi tí a máa gé ohùn dúró. Bí a bá fi ìṣirò yí ọ̀nà ìgbọ́ sí igun 30°, á bẹ̀rẹ̀ ní 5800 Hz. Bí a bá yí i sí ẹ̀gbẹ́ pátápátá, 4350 Hz ni. Torí náà, ẹ fi ọwọ́ gbé ọ̀pá kọjú sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ìṣirò máa ṣe àtúnṣe díẹ̀díẹ̀ nìkan.

Bí àlàfo bá kéré jù ẹ̀wẹ̀, ọ̀pá á kúrú, kò sì ní lè ya ohùn tó wálẹ̀ sọ́tọ̀. Ìbú ibi tí ọ̀pá 28 cm yìí ń gbọ́, láti ibi tí agbára ti lọ sílẹ̀ ní 3 dB lápá òsì dé irú rẹ̀ lápá ọ̀tún, jẹ́ nǹkan bíi 14° ní 4000 Hz, 28° ní 2000 Hz, 58° ní 1000 Hz àti 149° ní 500 Hz. Ní 250 Hz, ibi gbogbo ló ń gbọ́. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà yìí sọ́kàn, a ó padà sórí wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun èlò, àti ìdí tí a fi mú wọn

Pátákó Teensy 4.1 kan, kọ̀ǹpútà kékeré, ni ọkàn iṣẹ́ náà, torí ó lè gba máìkì I2S (irú tó ń fi ohùn ránṣẹ́ bíi nọ́ńbà) mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà lórí aago kan ṣoṣo, ó sì ní àyè mẹ́mọ́rì káàdì lára. Máìkì jẹ́ INMP441 mẹ́jọ, irú èyí tí wọ́n ń tà lórí pátákó kékeré. Rẹsísítọ̀ 47 Ω méjì, 100 kΩ mẹ́rin, kàpásítọ̀ 100 nF mẹ́jọ bí ti ara pátákó máìkì kò bá sí, alumíníọ́mù pẹlẹbẹ tó nípọn ní 2 mm (32 cm ní gígùn, 4 cm ní ìbú), fóòmù, mẹ́mọ́rì káàdì 32 GB, àti páwà báǹkì. Ẹ má ṣe fi ṣájà ara ògiri gba iná nígbà tí ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀; ariwo 50 Hz máa ń gba ibẹ̀ wọlé.

Máìkì USB mẹ́jọ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí wọ́n dára tó. Olúkúlùkù ló ní aago tirẹ̀ nínú, aago méjì kì í sì í dọ́gba. Bí méjì bá fi 20 nínú mílíọ̀nù yàtọ̀ síra, ohùn wọn á máa fi 20 µs jìnnà síra ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti di 1200 µs, ó ti ju gígùn ọ̀pá lódidi lọ. Raspberry Pi 4 ní tirẹ̀ ní aago kan, àmọ́ ẹnu I2S rẹ̀ kò gbà ju máìkì méjì lọ bí a kò bá fi nǹkan mìíràn kún un.

Ẹ ra máìkì mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹni kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì fi méjì lé e. Ẹ má ṣe da oríṣi méjì pọ̀: òmíràn lè yí ohùn padà, kí òkè di ìsàlẹ̀, ọ̀kan bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́jọ sì tó láti ba àròpọ̀ jẹ́.

Wáyà

Máìkì méjìméjì ló ń pín wáyà dátà kan. Nínú méjì náà, ẹsẹ̀ L/R (òsì tàbí ọ̀tún) ti àkọ́kọ́ lọ sí GND (òdo fóltì), ti ìkejì lọ sí 3.3 V, báyìí ni ọ̀kan á fi máa sọ̀rọ̀ nígbà tí èkejì bá dákẹ́. Wáyà dátà mẹ́rin wọ ẹsẹ̀ 8, 6, 9 àti 32 lára Teensy. WS (àmì tó ń sọ ẹni tó kàn nínú méjì) gbogbo máìkì wọ ẹsẹ̀ 20, SCK (ìlù aago) gbogbo wọn wọ ẹsẹ̀ 21. Láàárín wáyà dátà kọ̀ọ̀kan àti GND, ẹ fi 100 kΩ kan sí i, kí wáyà má baà di agbára mú nígbà tí máìkì méjèèjì bá jọ dákẹ́.

Wáyà SCK ló máa ń fa wàhálà jù. Ní 44,100 sáńpùlù (ìgbà tí a ń wọn ohùn) ní ìṣẹ́jú àáyá, ó ń lù ní 2.8224 MHz, máìkì mẹ́jọ ló sì so mọ́ ọn. Bí wáyà bá gùn, ìlù náà á máa ta padà láti ìpẹ̀kun, máìkì tó jìnnà á sì ka ìlù kan sí méjì. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni kíkàn-kíkàn kéékèèké tàbí ohùn tó ń fò sókè lójijì, lára máìkì 7 àti 8 nìkan. Oògùn rẹ̀: 47 Ω kan lórí SCK àti ọ̀kan lórí WS, kí wọ́n sún mọ́ Teensy pẹ́kípẹ́kí, kí Teensy fúnra rẹ̀ wà ní àárín ọ̀pá, kí ìpẹ̀kun kankan má jìnnà ju 15 cm lọ, kí wáyà GND sì máa bá SCK rìn ní ẹ̀gbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lẹ́yìn tí iná bá dé, INMP441 kì í sọ nǹkan kan fún ìlù SCK 262,144 àkọ́kọ́, ìyẹn nǹkan bíi 93 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Ẹ ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ nù ní gbogbo ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ihò tí ohùn ń gbà wọlé

Ẹnu INMP441 wà ní abẹ́ pátákó rẹ̀, ihò kékeré ni. A lẹ pátákó náà mọ́ ẹ̀yìn alumíníọ́mù, ihò sí ihò. Ẹ lo dírìlì 3 mm, kí ẹ fi tépù onírin wọn ìlà láti ihò àkọ́kọ́ sí gbogbo ìyókù (40, 80, 120 mm, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé 280), kì í ṣe láti ọ̀kan sí èkejì, torí àṣìṣe kéékèèké máa ń pọ̀ sí i lọ́nà yẹn.

Pákó ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ ronú kàn, ó sì máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ihò tó jìn ní 20 mm nínú pákó ti di fèrè: ó ń dún fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n 4350 Hz, láàárín ibi tí s àti ṣ wà gan-an. Ọ̀rọ̀ á máa ta bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ike, kò sì ní dọ́gba láti máìkì kan sí èkejì torí kò sí ihò pákó méjì tó rí bákan náà. Nínú alumíníọ́mù 2 mm, fèrè yẹn ti sá lọ sókè, ó ti kọjá ohun tí etí ń gbọ́.

Láàárín pátákó máìkì àti alumíníọ́mù, ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín tó ní ihò 3 mm láàárín dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká. Bí ohùn bá ń gba ẹ̀yìn jò wọlé, ohùn kan náà á dé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bo ẹ̀yìn pátákó pẹ̀lú fóòmù, kí ẹ sì na aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síwájú, 1.5 cm sí alumíníọ́mù, kí atẹ́gùn fáànù lè kú sára aṣọ. Aṣọ tó bá fara kan alumíníọ́mù kò wúlò: atẹ́gùn á kàn máa lu ihò látinú aṣọ.

Gbígbà sílẹ̀ sórí káàdì

Teensy ń mú 16 bit jáde fún máìkì kọ̀ọ̀kan. Ó tó. Ariwo inú INMP441 fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bíi −87 dBFS (a ń kà á sísàlẹ̀ láti ibi tí ohùn ti ga jù tí nọ́ńbà lè gbà, ìyẹn 0), ti 16 bit wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bíi −98. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ 60 dB lára máìkì á hàn ní −60 dBFS, á wá dà bíi pé ohùn kéré púpọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Kò sí ìbẹ̀rù níbẹ̀, ẹ máa gbé e sókè lẹ́yìn ìṣirò.

Máìkì mẹ́jọ ń kọ 705,600 báìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi 2.5 GB ní wákàtí kan. Fáìlì WAV kò lè ju 4 GB lọ, nítorí náà ẹ ti fáìlì kan kí ẹ sì ṣí òmíràn kó tó pé 100 ìṣẹ́jú. Káàdì a máa dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti tún inú ara rẹ̀ tò, nígbà mìíràn ju 100 ms lọ, ohùn kì í sì í dúró dè é. A kọ AudioMemory(800) nínú ètò, ìyẹn àyè fún ègé ohùn 800, ó sì fún máìkì kọ̀ọ̀kan ní àyè ìdúró tó tó 290 ms. Ètò kò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan sílẹ̀ títí tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yóò fi ní ègé tuntun. Bí ègé kan ṣoṣo, 128 sáńpùlù, bá sọnù lára máìkì kan, máìkì yẹn ti fi 2.9 ms ya àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀pá ti kú láti ibẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ nìkan ẹ̀wẹ̀ á sì máa dùn bí ẹ bá gbọ́ ọ lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ètò ka iye ègé ti olúkúlùkù, kó tan iná pupa bí wọn kò bá dọ́gba.

Mímú kí máìkì dọ́gba

Ibí yìí ló yẹ ká ti lo àkókò jù. Ìṣirò tó gbọ́n jù lọ lágbàáyé kò lè tún ọ̀pá tí máìkì rẹ̀ kò dọ́gba ṣe.

INMP441 ń jáde láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú àyè 3 dB sókè tàbí sísàlẹ̀. Méjì nínú mẹ́jọ lè fi 6 dB yàtọ̀, ọ̀kan á máa gbọ́ ìlọ́po méjì èkejì. Bó bá jẹ́ àròpọ̀ nìkan la fẹ́ ṣe, èyí kì í dùn wá púpọ̀. Ìgbà tí a bá fẹ́ kí ọ̀pá di etí sí ariwo kan, ìgbà yẹn la ń yọ ohùn kan kúrò nínú èkejì. Ẹ mú máìkì méjì péré: bí wọ́n bá fi 3 dB yàtọ̀, ariwo tí a ń yọ kò ní lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 8 dB lọ. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 1 dB, á dé 18 dB. Bó bá jẹ́ 0.5 dB, á kọjá 24 dB. Àròpọ̀ ń fojú fo àṣìṣe, àyọkúrò kì í fojú fò ó.

Ẹ gbé ọ̀pá lọ sí pápá gbalasa ní òwúrọ̀ tí atẹ́gùn kò fẹ́. Kí ó wà ní 1.5 m sí ilẹ̀, ní ìdúbúlẹ̀. Ẹ gbé sípíkà kékeré kan sí 2 m níwájú àárín rẹ̀, ní gíga kan náà. Okùn ni kí ẹ fi wọn ọ̀nà: láti sípíkà dé ìpẹ̀kun òsì àti dé ìpẹ̀kun ọ̀tún gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà. Ẹ jẹ́ kí sípíkà máa dún ṣàà, bíi ti rédíò tí kò mú ìkànnì kankan, fún 30 ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀. Ohun tó ta padà láti ilẹ̀ á kan gbogbo máìkì bákan náà, torí náà kò ní ba ìwọ̀n jẹ́; nínú yàrá, ògiri á mú kí máìkì kan gbóhùn ju èkejì lọ láìjẹ́ pé ó yàtọ̀ sí i.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi ohùn sí 300 Hz dé 4000 Hz nìkan, ẹ ṣírò agbára máìkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wá nọ́ńbà tí ẹ máa fi sọ olúkúlùkù di púpọ̀ kí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ fi GCC-PHAT, ìṣirò tó ń wá ìyàtọ̀ àkókò láàárín ohùn méjì, wọn àkókò. Knapp àti Carter ló gbé ìlànà yẹn jáde ní 1976, òun ṣì ni ó dára jù fún irú iṣẹ́ yìí, torí ó ń wo àkókò ìgbì nìkan, kì í wo bó ṣe pariwo tó. Máìkì ìpẹ̀kun yẹ kó pẹ́ ju àárín lọ ní nǹkan bíi 14 µs, torí ọ̀nà rẹ̀ gùn ní bíi 5 mm. Ẹ yọ ìyẹn kúrò. Ohun tó bá ṣẹ́kù tó ju 5 µs lọ, ihò ni kò sí níbi tí ẹ rò. Bí àwọn máìkì apá ọ̀tún inú méjìméjì bá fi 22.7 µs gẹ́lẹ́ yàtọ̀ sí ti òsì, sáńpùlù kan nìyẹn: ètò tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ló fi ọ̀kan síwájú. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́jọ ti agbára àti mẹ́jọ ti àkókò sínú fáìlì kan. Ẹ máa tún un ṣe bí ọ̀pá bá ṣubú tàbí tí ẹ bá pààrọ̀ máìkì.

Ìṣirò

Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo máìkì di 16,000 sáńpùlù ní ìṣẹ́jú àáyá, pẹ̀lú asẹ́ (filter) kan náà fún gbogbo wọn. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di 8000: s máa ń gbé òkè 4000 Hz, bí ẹ bá gé ibẹ̀ kúrò, kò ní yàtọ̀ sí ṣ mọ́. Ẹ gé e sí ègé 512 sáńpùlù, kí ègé kọ̀ọ̀kan wọnú èkejì dé ìdajì, kí ẹ sì mú un lọ sínú FFT, ìṣirò tó ń pín ohùn sí ìwọ̀n ìgbì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀. Níbẹ̀, dídá ohùn dúró fún 57.5 µs, èyí tí kì í ṣe iye sáńpùlù tó pé, ti di yíyí igun ìgbì (phase) nìkan.

Fún ìdádúró, ẹ lo jíjìnnà gidi láti ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dé máìkì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ètò ń lo igun nìkan, bí ẹni pé ohùn ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní mítà kan, máìkì ìpẹ̀kun fi nǹkan bíi 10 mm jìnnà ju àárín lọ, 28 µs, ìyẹn sì jẹ́ igun 40° ní 4000 Hz. Bí ẹ bá fojú fò ó, òkè ọ̀rọ̀ á máa pa ara rẹ̀ díẹ̀, ẹ ó sì máa dá máìkì lẹ́bi.

Ẹ gbọ́ àròpọ̀ yẹn dáadáa kí ẹ tó lọ síwájú. Ìgbà tó bá ti dára ju máìkì kan ṣoṣo lọ nìkan ni kí ẹ wá gbìyànjú MVDR (ìṣirò tó ń dín ariwo kù láìdín ohùn iwájú kù), ìlànà tí Jack Capon gbé jáde ní 1969 fún ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀. Fún ìwọ̀n ìgbì kọ̀ọ̀kan nínú FFT, w = R⁻¹d / (dᴴR⁻¹d): w ni ìwúwo tí a fún máìkì kọ̀ọ̀kan, d ni ìdádúró tí ẹ ti ṣírò, R sì ni bí ariwo ṣe bára mu láàárín máìkì mẹ́jọ. R gbọ́dọ̀ wá láti ariwo nìkan. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá máa gba fáànù àti jẹnẹrétọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí bàbá tó bẹ̀rẹ̀. Ó ju ègé 300 lọ, máìkì mẹ́jọ ò sì nílò ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bàbá bá wọnú R, ìṣirò á rí ohùn rẹ̀ tó ta padà láti ara ògiri, á pè é ní ariwo, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bàbá fúnra rẹ̀ kúrò. Ẹ ó gbọ́ ohùn tó tín-ín-rín, tó ń wọlé tó ń jáde.

Ẹ fi 1% agbára àárín (average) kún ìlà àárín R (diagonal), kó di 10% nísàlẹ̀ 500 Hz. Níbẹ̀, gbogbo máìkì ń gbọ́ ohun kan náà, MVDR á fẹ́ yọ àwọn ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba kúrò nínú ara wọn, á sì gbé ariwo inú máìkì sókè bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Iye tí a fi kún un ni ó ń dá a dúró.

Ìṣòro mìíràn kò sí nínú R rárá. Bí bàbá bá fi orí gbé 20 cm sí ẹ̀gbẹ́ ní mítà kan, ó ti yí ní 11°. Ìdajì ìbú ìgbọ́ ní 4000 Hz jẹ́ 7°. Òkè ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lọ, ìsàlẹ̀ ṣì wà, ọ̀rọ̀ á dún bí ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti 2000 Hz sókè, ẹ lo máìkì mẹ́rin àárín nìkan. Ìbú á di nǹkan bíi 28° ní 4000 Hz, bàbá á sì lè mirí bó ṣe wù ú.

Ibi tí a gbé e sí

Ọ̀pá tó dùbúlẹ̀ ń ya òsì sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀tún. Kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Fáànù tó wà lókè orí bàbá, ní ìlà kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ dé gbogbo máìkì dọ́gba, ọ̀pá á sì gbọ́ ọ bíi bàbá. Bó bá jẹ́ fáànù ló ń dààmú yín jù, ẹ na ọ̀pá dúró gbọọrọ, kí àárín rẹ̀ bá ẹnu bàbá dọ́gba: ó ti di etí sí òkè nìyẹn. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí ọjà ẹ̀gbẹ́ ilé ni, ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì gbé àga bàbá kúrò lábẹ́ fáànù.

Yàrá fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ mú yàrá 4 m sí 5 m, àjà rẹ̀ 3 m, ògiri símẹ́ǹtì, ilẹ̀ táìlì, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí ara ògiri bá ń gba 5% ohùn mì, ohùn á máa dún nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ohùn tó ta padà á sì lágbára ju ti ẹnu lọ láti 31 cm síwájú. Ní mítà kan, ògiri lẹ ń gbà sílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́ rọ́ọ̀gì, tí ẹ na aṣọ ojú fèrèsé tó nípọn, tí ẹ gbé tìmùtìmù sí ẹ̀yìn bàbá, tí gbígba mì wá di 15%, ìdún á di 0.7 ìṣẹ́jú àáyá, 31 cm á di 53 cm. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pá lè fa ìyókù. Rọ́ọ̀gì kan àti aṣọ méjì ju ìṣirò ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ohùn Yorùbá àti ohùn jẹnẹrétọ̀

Jẹnẹrétọ̀ kékeré onísílíńdà kan, irú four-stroke, ń yí ní ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń ta iná lẹ́ẹ̀kan ní yíyí méjì: ìlù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá. Nítorí náà, ariwo rẹ̀ wà ní 25, 50, 75, 100, 125 Hz, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin, ibi tí àmì dò ti ń wá, lè wà ní 80 sí 100 Hz. Wọ́n jókòó lórí ara wọn. Ọ̀pá 28 cm kò lè yà wọ́n, ìgbì 100 Hz gùn ní 3.5 m. Asẹ́ tó ń gé 100 Hz kúrò á gé bàbá náà mọ́ ọn.

Kò burú tó bó ṣe dún. Àmì ohùn kì í gbé ibi 100 Hz nìkan; ó wà nínú gbogbo ìlọ́po rẹ̀, 200, 300, títí lọ sókè, etí sì ń mọ gíga ohùn láti ara àlàfo wọn. Fóònù àtijọ́ ń gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 300 Hz, síbẹ̀ a ń gbọ́ ara wa, igbá kò di igba. Torí náà, ẹ fi asẹ́ gé ìsàlẹ̀ 70 Hz nìkan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀, kí ẹ sì gbájú mọ́ 500 sí 4000 Hz tí ọ̀pá lágbára lé lórí. Ètò tí wọ́n ń pè ní noise reduction, tó ń gé ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá dúró ṣinṣin, ẹ má ṣe lò ó lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá láìdán an wò: ohùn àárín tó gùn máa ń dúró ṣinṣin bíi ti ẹ̀rọ, ètò náà á sì jẹ ẹ́.

Láti dán an wò, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó síbi tí bàbá máa jókòó, kó ka ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Igba, igbá, ìgbà, igbà. Sá, ṣá, sàn, ṣàn, ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí a dà rú. Kí ó dánu dúró díẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì kí fáwẹ́lì má baà jẹ ara wọn. Kí ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ gbọ́ ọ, kó sì kọ ohun tó gbọ́ pẹ̀lú àmì. Ẹ ṣe é fún máìkì kan, fún àròpọ̀, fún MVDR. Bó bá ṣi àmì ohùn mú ju s àti ṣ lọ, ìsàlẹ̀ ni ìṣòro wà: ariwo tàbí ìdún yàrá. Bó bá jẹ́ s àti ṣ ló ń dà rú, ẹ wo ihò máìkì, jíjìnnà àti orí tó ń mì.

Bí nǹkan bá dà rú

Ohun àkọ́kọ́ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́: ẹ fi ìka pa ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 8, kí ẹ máa pe nọ́ńbà rẹ̀ bí ẹ ti ń pa á. Ẹ óò rí i lójú kọ̀ǹpútà bóyá 3 àti 4 ti pààrọ̀ ipò. Máìkì tó ń mú òdo nìkan wá, ẹsẹ̀ L/R rẹ̀ ló já, tàbí L/R méjèèjì tó pín wáyà dátà kan ni wọ́n so mọ́ ibì kan náà. Bí ohùn tí máìkì kan ń gbọ́ bá ń dín kù láti ọjọ́ dé ọjọ́, eruku ọyẹ́ ti di ihò rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbọn aṣọ àti alumíníọ́mù, ẹ má ṣe fẹ́ afẹ́fẹ́ agolo sínú ihò, ó lè fa awọ inú máìkì ya.

Bí àròpọ̀ bá burú ju máìkì kan lọ, ẹ yí ìdádúró padà, kí ìyókúrò di àfikún. Ìgbà púpọ̀ ni àmì yẹn kan ṣoṣo ti dojú ọ̀pá kọ apá òdìkejì.

Ẹ má ṣe pa fáìlì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí èyí tó mọ́. Ẹ tọ́jú u pẹ̀lú fáìlì ìdọ́gba ọjọ́ yẹn, ìgbóná yàrá, àti ìwọ̀n láti àárín ọ̀pá dé ẹnu bàbá, kí ẹni tó bá ní ìṣirò tó dára jù lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lè tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.